Ilà Ojú Sẹ́ẹ̀lì: Bí A Ṣe Wá Ìyá Jẹjẹrẹ Nínú Ọpọlọ Ọmọdé

Ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni mo fẹ́ bá yín sọ, àti ọ̀rọ̀ àìsàn kan tí ń bá àwọn ọmọdé jà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilà ojú ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí bí ọ̀rọ̀ ilà bá ti yé yín, èyí tí ó le jù nínú ìtàn náà ti tán.

Láyé àtijọ́, bí àlejò bá wọ ọjà, kò dìgbà tí ó bá lanu kí àwọn ènìyàn tó mọ ibi tí ó ti wá. Ojú rẹ̀ ni wọn yóò wò. Bí wọ́n bá rí àbàjà, wọ́n ní ohun tí wọn yóò sọ. Bí ó bá jẹ́ pélé, wọn yóò wo bí ó ti gùn tó àti iye rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ilà náà kì í ṣiṣẹ́ kankan fún ẹni tí ó kọ ọ́: kì í bá a ro oko, kì í sì í bá a gbé ẹrù. Àmì lásán ni. Síbẹ̀, àmì yìí ni wọ́n fi ń dá ọmọ ilé kan mọ̀ láàrin ẹgbẹ̀rún ènìyàn.

Ara wa náà kún fún ohun tí ó ní ilà. Awọ, ẹran, eegun, ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ, ohun kéékèèké ni a fi kọ́ gbogbo wọn, bí a ti ń fi bíríkì kọ́ ilé. Sẹ́ẹ̀lì ni orúkọ wọn. Ojú lásán kò lè rí wọn, àfi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Lórí èèpo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, níta, ni àwọn àmì wà, àmì ìdílé kan sì yàtọ̀ sí ti èkejì. Àwọn ni mo ń pè ní ilà ojú sẹ́ẹ̀lì. Bí àwọn dókítà ṣe fi irú ilà bẹ́ẹ̀ wá ohun tí ń mú kókó ọpọlọ ọmọdé dàgbà, òun ni ẹ ó gbọ́.

Sẹ́ẹ̀lì kan a máa pín sí méjì, méjì a di mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ìkókó ṣe ń di géńdé. Nígbà tí ó bá tó, pípín náà a dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí sẹ́ẹ̀lì kan kò gbọ́ ìkìlọ̀ mọ́, tí ó ń pín ṣáá, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì di kókó tí ń jẹ ara run. Èyí ni jẹjẹrẹ. Nínú àwọn jẹjẹrẹ ọpọlọ tí ń ṣe ọmọdé, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni medulloblastoma. Orúkọ náà gùn, ṣùgbọ́n ẹ fara dà á. Ìpàkọ́ ni ó ń gbé, nínú ọpọlọ kékeré tí ń ṣètò ìrìn àti ìdúró wa. Bí ó ti ń tóbi ni ó ń dí ọ̀nà omi tí ń ṣàn nínú ọpọlọ. Orí a máa fọ́ ọmọ náà, pàápàá ní òwúrọ̀. A máa bì. Ìrìn rẹ̀ a sì dà bí ìrìn ẹni tí ó mu ẹmu yó.

Àwọn tí ó sọ àìsàn yìí lórúkọ ni Harvey Cushing, ọ̀gá nínú iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, àti Percival Bailey tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Boston. Ọdún 1925 ni. Wọ́n gé kókó náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n rẹ ẹ́ láró, wọ́n sì fi awò wò ó. Wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí ó kún bámúbámú, tí ó jọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ọmọ tí ó ṣì wà nínú oyún. Wọ́n wá rò ó pé sẹ́ẹ̀lì kan tí kò tíì mọ ohun tí yóò dà ni ó bí gbogbo wọn, wọ́n sì sọ ìyá náà ní medulloblast. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó rí sẹ́ẹ̀lì tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín o. Ìdáhùn wọn ni kò dúró, ìbéèrè wọn dúró ṣinṣin: ta ni ìyá àwọn ọmọ wọ̀nyí?

Cushing kọ̀wé ní 1930 nípa aláìsàn 61 tí ó ní àrùn yìí. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó kú kí ọdún mẹ́ta tó pé. Yóò gé kókó náà kúrò, orí ọmọ á fúyẹ́, ìyá ọmọ á dúpẹ́, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ kókó á tún yọ, nígbà mìíràn ní ìpàkọ́ níbẹ̀, nígbà mìíràn lójú ọ̀nà ọ̀pá ẹ̀yìn. Ní 1953, ní ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Edith Paterson àti Farr sọ ohun tí wọ́n ṣe: wọn kò tan ìtànṣán sí ojú ibi tí kókó wà nìkan, gbogbo ọpọlọ àti gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n tàn án sí. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi oògùn líle kún un. Lóde òní, ní àwọn ilẹ̀ tí ó ní ẹ̀rọ àti oògùn, nǹkan bí ọmọ 7 nínú 10 ni ó ń kọjá ọdún márùn-ún.

Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ra ìyè náà pọ̀. Ọpọlọ ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kò tíì gbó. Ìtànṣán tí ń pa jẹjẹrẹ kì í ṣàì kan ọmọlúwàbí sẹ́ẹ̀lì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó yè ni kò ga tó ẹgbẹ́ wọn mọ́, tí ìwé sì di òkè fún wọn. Ìyá ń dúpẹ́, ó sì ń sunkún. Nítorí èyí ni àwọn dókítà kò fi jókòó tẹ̀tẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń wá ohun tí yóò pa ohun tí ó yẹ ní pípa, tí yóò sì fi ìyókù sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé àìsàn òyìnbó ni. Ó pẹ́ tí àwọn kan fi ń sọ pé kókó ọpọlọ kò wọ́pọ̀ láàrin àwa adúláwọ̀. Ní 1962 ni Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Àwẹ́, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti Amẹ́ríkà dé sí UCH ní Ìbàdàn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ka àwọn kókó tí wọ́n bá pàdé, wọ́n sì ń kọ wọ́n sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà, kí ayé lè mọ̀ pé ó wà níbí pẹ̀lú. Níbi tí kò bá sí ẹni tí yóò la agbárí, ta ni yóò mọ ohun tí ó pa ọmọ? Wọn yóò ní ibà ni, tàbí kí wọ́n ní ayé ni.

Ó wá ku ìbéèrè Cushing. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ òkìtì ọ̀gán dáadáa. Ẹ lè fi ọkọ́ wó o, kí ẹ da omi gbígbóná sí i, kí ikán kú lọ súà. Bí ìyá wọn tí ó sanra kọ̀ǹbọ̀ nísàlẹ̀ kò bá kú, wọn yóò tún òkìtì náà mọ. Ǹjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ rí? Ṣé gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú kókó ni ó lè bí kókó mìíràn, àbí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni ìyá, tí ìyókù sì jẹ́ ọmọ tí kò lè bí mọ́?

Ìlú Toronto ní Kánádà ni a ó lọ fún ìdáhùn, láti ara ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe láti ara ọpọlọ. Ọkùnrin méjì ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. James Till jẹ́ onímọ̀ físíìsì, Ernest McCulloch sì jẹ́ dókítà. Wọ́n ń wádìí bí ìtànṣán ṣe ń pa mùdùnmúdùn inú eegun, nítorí ayé ń bẹ̀rù bọ́ǹbù átọ́míìkì nígbà náà. Wọn yóò tan ìtànṣán sí eku títí mùdùnmúdùn rẹ̀ yóò fi kú, wọn yóò wá fún un ní sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ láti inú eegun eku mìíràn. A gbọ́ pé ọjọ́ Ìsinmi kan ni McCulloch wọlé láti wo àwọn eku náà. Ó rí àwọn kókó róbótó lára ẹ̀yà kan tí ó wà ní apá òsì inú ikùn, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní spleen. Ó kà wọ́n. Iye kókó bá iye sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fún eku kọ̀ọ̀kan mu: bí sẹ́ẹ̀lì bá pọ̀, kókó á pọ̀, bí ó bá dín, kókó á dín. Nínú nǹkan bí 10,000 sẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan péré ni ó ń bí kókó. Wọ́n tẹ ìròyìn náà jáde ní 1961, nígbà tí ó sì di 1963 wọ́n fi hàn pé láti inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni kókó kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì-ìyá ti di ohun tí a lè kà.

A lè kà á, ṣùgbọ́n a kò lè mú un. Lójú awò, ìyá jọ ọmọ, ọmọ jọ ìyá. Ibí ni ọ̀rọ̀ ilà ti wọlé. Àwọn ohun kan ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí à ń pè ní àńtíbọ́dì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ àmì kan ṣoṣo, bí ó bá sì ti rí i, yóò lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Ní 1975, ní Cambridge, Georges Köhler àti César Milstein rí ọgbọ́n tí a fi ń pèsè irú àńtíbọ́dì kan ṣoṣo ní ọ̀pọ̀ yanturu, wọ́n sì gba Ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1984. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé ìwádìí fi ń lò ó láti wá ilà sẹ́ẹ̀lì. Kálukú ń sọ ilà tí ó rí lórúkọ, ọ̀kan náà sì ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta mẹ́rin, bí ọmọ tí ilé bàbá àti ilé ìyá kò pè ní orúkọ kan. Ní 1982, wọ́n pàdé ní Paris, wọ́n sì fẹnu kò pé lẹ́tà CD àti nọ́ńbà ni a ó máa fi pe ilà kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ CD34 tàbí CD133, orúkọ ilà ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1994, John Dick àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Toronto kan náà fi ilà yan sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn tí ó ní ilà CD34 tí kò sì ní CD38, tí ó kéré níye gan-an, ni ó lè gbé àìsàn náà wọ inú eku. Ọ̀rọ̀ ọ̀gán yẹn ti rí ẹlẹ́rìí. Ní 2003, àwọn ará Michigan ní Amẹ́ríkà sọ irú rẹ̀ nípa jẹjẹrẹ ọmú. Ó wá ku ọpọlọ.

Ilà tí wọ́n lò fún ọpọlọ ni CD133. Ọdún kan náà, 1997, ni wọ́n rí i ní ibi méjì tí kò mọ ara wọn: ní Amẹ́ríkà, lára sẹ́ẹ̀lì-ìyá ẹ̀jẹ̀, ní ilẹ̀ Jámánì, lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ọlẹ̀ eku, níbi tí Wieland Huttner àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti sọ ọ́ ní prominin, nítorí pé orí àwọn ibi tí ó yọ gọngọ lára sẹ́ẹ̀lì ni ó máa ń wà. Ní 2000, wọ́n fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì-ìyá inú ọpọlọ ọlẹ̀ ènìyàn náà ní in.

Ẹ wá wo Sheila Singh. Ó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Toronto, ó sì ń ṣe ìwádìí lábẹ́ Peter Dirks tí òun náà jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Kókó tí wọ́n bá gé kúrò lórí ọmọ, tí à bá dà nù, ni wọ́n ń gbé lọ sí yàrá ìwádìí. Wọn yóò tú u títí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan yóò fi dá dúró. Wọn yóò da àńtíbọ́dì tí ó mọ CD133 sí i, àńtíbọ́dì tí wọ́n ti so mọ́ irin tí ó kéré ju eruku lọ. Wọn yóò wá da gbogbo rẹ̀ gba inú ọ̀pá tí òòfà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó ní ilà á rọ̀ mọ́ òòfà, èyí tí kò ní á ṣàn kọjá. Báyìí ni wọ́n ṣe pín kókó kan sí ìdílé méjì.

Ní 2003, wọ́n sọ pé àwọn tí ó ní ilà nìkan ni ó ń pọ̀ sí i nínú ìgò. Àwọn kan kò gbà. Wọ́n ní ìgò kì í ṣe orí ènìyàn. Nítorí náà, wọ́n gún àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sínú ọpọlọ eku tí ara rẹ̀ kò lè bá àjèjì jà, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé ìròyìn Nature ní 2004. Ẹ fi etí sí nọ́ńbà náà. Sẹ́ẹ̀lì 100 tí ó ní ilà CD133 tó láti bí kókó nínú ọpọlọ eku, kókó náà sì jọ èyí tí ó wà lórí aláìsàn. Wọ́n fún àwọn eku mìíràn ní 50,000 sí 100,000 tí kò ní ilà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wà níbẹ̀, wọn kò kú, ṣùgbọ́n wọn kò bí kókó.

Tèmi ni pé kò sí ìdánwò tí ó mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ìtàn yìí. Ìyá ikán ni wọ́n mú yẹn! Ìròyìn náà kárí ayé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ti parí: a ó wá oògùn tí ń pa ẹni tí ó ní CD133, ọmọ á sì yè.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ padà sórí ilà ojú. Ṣé gbogbo ọmọ ilé ni ó kọ ilà? Lónìí ńkọ́, tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò kọ ọ́ mọ́, ǹjẹ́ wọn kì í ṣe ọmọ bàbá wọn? Ní 2007, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì rí i pé nínú kókó ọpọlọ àwọn àgbàlagbà kan, sẹ́ẹ̀lì tí kò ní CD133 bí kókó bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 2008, Sean Morrison àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Michigan yẹ ìdánwò eku fúnra rẹ̀ wò, pẹ̀lú jẹjẹrẹ awọ kan tí ń jẹ́ melanoma. Wọ́n lo eku tí ara rẹ̀ tún rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, tí kò ní agbára kankan láti lé àjèjì. Nínú eku wọ̀nyí, nǹkan bí sẹ́ẹ̀lì 1 nínú 4 ni ó ń bí kókó, bẹ́ẹ̀ ni tẹ́lẹ̀ wọ́n rò pé kò tó 1 nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìbéèrè yìí le: àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò bí kókó tẹ́lẹ̀, ṣé àgàn ni wọ́n ni, àbí ilẹ̀ tí a gbìn wọ́n sí ni kò gbà wọ́n?

Nígbà tí ó di 2009, àwọn ilé ìwádìí méjì, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, èkejì ní Toronto, kọ̀wé nípa eku tí ó ní medulloblastoma. Nínú eku yìí, CD133 kọ́ ni ó tọ́ka ìyá, ilà mìíràn tí ń jẹ́ CD15 ni. Ó dára kí a mọ ìdí rẹ̀. Àrùn tí Cushing fún ní orúkọ kan kì í ṣe ọ̀kan. Ní 2010, àwọn onímọ̀ láti oríṣìíríṣìí ilẹ̀ pàdé ní Boston, níbi tí orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbà pé ó kéré tán ìdílé mẹ́rin ni ó wà nínú medulloblastoma. Wọ́n tẹ ìpinnu náà jáde ní 2012. Ìdílé kan wà tí ó jẹ́ pé gbogbo ọmọ tí ó bá ní in fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń yè. Òmíràn wà tí ó burú gan-an. Ìdílé mẹ́rin ni wọ́n ti ń fi ilà kan wá.

Ṣé ọ̀rọ̀ ìyá wá di irọ́ ni? Rárá. Dirks kò fi í sílẹ̀. Ní 2014, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi hàn pé, nínú ọ̀kan lára àwọn ìdílé mẹ́rin náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ wà tí wọn kì í sábà pín. Wọ́n ń sùn. Inú sẹ́ẹ̀lì ni àmì wọn wà, kì í ṣe lójú; Sox2 ni wọ́n ń pè é. Oògùn jẹjẹrẹ sì rèé, ẹni tí ó bá ń pín kíákíá ni ó máa ń pa. Ó ré kọjá lórí àwọn tí ń sùn, nígbà tí ìjì bá sì ti rọlẹ̀, wọ́n jí, wọ́n tún òkìtì mọ. Ẹ ó rántí àwọn ọmọ Cushing tí kókó wọn padà lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò jìnnà sí èyí.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà lo ilà kò béèrè ẹni tí í ṣe ìyá rárá. Ó ń béèrè ilà tí ó wà lójú gbogbo wọn. Jẹjẹrẹ kan wà tí ó burú ju medulloblastoma lọ, tí ń dàgbà nínú ìtí ọpọlọ, níbi tí ọ̀nà mímí àti gbígbé nǹkan mì gbà kọjá. Ọ̀bẹ kò lè gé e. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó bá ní in kì í lò ju ọdún kan lọ. Ní 2018, Michelle Monje, Crystal Mackall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà sọ pé ilà kan, GD2, pọ̀ yamùrá lójú àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yìí. Wọ́n ń gba àwọn ọmọ-ogun ara láti inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀, wọ́n ń kọ́ wọn láti dá GD2 mọ̀, wọ́n sì ń dá wọn padà sí i lára. Ewu wà níbẹ̀, nítorí bí ogun bá gbóná jù, ọpọlọ á wú, kò sì sí àyè nínú agbárí fún ohun tí ń wú. Nínú aláìsàn mẹ́rin àkọ́kọ́ tí wọ́n ròyìn rẹ̀ ní 2022, mẹ́ta ni ara wọn yá sí i fún ìgbà kan.

Ìròyìn mìíràn jáde ní 2024, ó sì kan aláìsàn 11, àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Kókó àwọn kan sún kì. Ti àwọn mìíràn kò gbọ́. Àwọn kan tí wọn kò lè rìn dáadáa mọ́ tún fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àìsàn náà padà bá. Ti ẹnìkan pòórá pátápátá nínú àwòrán tí ẹ̀rọ yà. Nígbà tí wọ́n ń kọ ìròyìn náà, ó ti lé ní ọdún méjì àti ààbọ̀ tí ó ti wọ inú ìwádìí náà, kókó kò sì tíì padà.